Èéfín Pupuru Ìyá Mi

Inú ẹbu epo la wà lọ́jọ́ tí ayé wa yí padà. Ìyá mi, èmi àti obìnrin méjì ládùúgbò wa ní Ìgbódìgò ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú kòtò. Epo ti ń léfòó lórí omi, ìyá mi ń fọwọ́ gbá a jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ mi kéré bíi ti adìyẹ, pé ẹyìn tí mo bá tẹ̀ kò ní í mọ̀ pé ẹnì kan tẹ òun. Bàbá mi, tó ń gun ọ̀pẹ jẹun, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìdì ẹyìn kan kalẹ̀ ni. Àbúrò mi, Dùpẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri ilé nígbà náà, ń sùn lórí ẹní lábẹ́ igi.

Ìró kan dún láti apá odò. A rò pé ààrá ni nítorí pé ìgbà òjò ni. Òmíràn tún dún, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa nínú kòtò. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, kò dúró, ó kàn ń pariwo pé wọ́n ti já afárá, pé àwọn sójà ń bọ̀. Ogun Bìáfrà tí a ń gbọ́ nínú rédíò, tí a rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ló wà, ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

Bàbá mi gbé Dùpẹ́. Ó ní ká jáde nínú kòtò, ká má ṣe dúró fọ ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sáré, epo lẹ́sẹ̀, à ń yọ̀ ṣubú, à ń dìde. Màmá arúgbó kan rí wa lójú ọ̀nà, ó káwọ́ lérí, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Epo tí a fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò mọ ẹni tó kó o. Mo ṣì máa ń ronú nípa epo yẹn, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń pe ìyá mi ní “ó”, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn kò kọ́ mi nílé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀ tiwa látijọ́. Ìfẹ́ tí mo ní sí i kò gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A rékọjá odò kékeré kan, a wọ igbó tí bàbá mi mọ̀ nítorí àwọn ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà fún wa. Òjò ń wọlé láti gbogbo ìhà. Lójúmọmọ, ìbọn á máa ró, nígbà mìíràn ní tòsí, nígbà mìíràn lọ́nà jíjìn. Tí òjò bá sì dé, á dákẹ́. Èmi wá fẹ́ràn òjò láti ìgbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń mú wa gbọ̀n.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbé lọ kò pẹ́ tán. A jẹ ẹyìn tútù, ó ha wá lọ́fun. A mu omi odò. Mo ń sunkún, mo ń bẹ ìyá mi pé kó fún mi ní pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilé wa, bí ẹni pé inú ìró ló tọ́jú rẹ̀ sí. Dùpẹ́ náà kọ́kọ́ ń sunkún, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ogun, ẹkún ọmọ kì í ṣe nǹkan tó ń bani lẹ́rù. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni.

Ìyá mi wá rí oko ẹ̀gẹ́ kan tí ẹni tó ni ín ti sá lọ. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni, èyí tí a kò gbọdọ̀ sun jẹ nítorí pé ó lè pani. A kò ní ìkòkò, a kò ní agbada. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin Ìkálẹ̀ mọ̀ pé òun lè fi irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe láìsí ìkòkò ni pupuru. Ó rẹ ẹ́ sínú odò títí ó fi rọ̀, ó fi òkúta tẹ omi rẹ̀ dànù, ó ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, ó mọ ọ́n róbótó róbótó. Ó wá ku kí a tò ó sórí pẹpẹ lókè iná, kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú, tí inú rẹ̀ á wà ní funfun. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Kò sí pupuru láìsí èéfín, iná ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ pẹ́.

Bàbá mi ní, “Adétutù, èéfín kì í fara pamọ́.”

Ìyá mi gbé Dùpẹ́ sókè sí i lójú. “Wo ojú ọmọ yìí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.”

Bàbá mi wo ọmọ náà, ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Lẹ́yìn náà ó mú àdá, ó lọ gé igi mẹ́rin tó ya ẹ̀ka méjì lórí, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kan pẹpẹ náà. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn fún mi. Ọwọ́ bàbá mi ló kan pẹpẹ.

Igi tútù la rí dá. Èéfín náà funfun, ó nípọn, ó sì gba àárín àwọn igi gòkè lọ tààrà nítorí pé atẹ́gùn kò fẹ́. Bàbá mi ń fi ewé kókò fẹ́ ẹ ká, kò wúlò. Àmọ́ òórùn rẹ̀! Òórùn ilé wa ni. Dùpẹ́ lajú, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn pẹ́ kí n tó tún rí irú rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Àwọn sójà náà kò pọ̀, aṣọ wọn tutù mọ́ wọn lára. Apá ibo ni wọ́n ń jà fún? Títí di òní n kò mọ̀, ẹni tó bá sì sọ pé òun mọ̀, kò sí níbẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn kò yé wa. Ebi ń pa àwọn náà. Wọ́n mú pupuru lórí iná, wọn kò ha á, wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu wọn dúdú. Kò sẹ́ni tó lù wá. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bu díẹ̀ fún Dùpẹ́. Lẹ́yìn náà ó nàka sí bàbá mi, ó nàka sí àpótí irin ńlá kan tí wọ́n ń gbé.

Bàbá mi kò jiyàn. Ó tú igbà rẹ̀, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ, kúrò léjìká, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi. Wọ́n gbé àpótí rù ú. Ó rìn díẹ̀, ó yíjú padà, a rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan pàtàkì kan.

“Adétutù, ẹ yí pupuru yẹn o. Ó ti ń jó lábẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. A kò yí i. A jókòó síbẹ̀, a ń wo ibi tó gbà lọ títí gbogbo èyí tó kù fi jóná.

Nígbà tí ogun gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa, a padà sílé. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn wa lọ, wọ́n ti kó ìkòkò, kòtò ẹbu ti kún fún omi òjò. Àwọn ọkùnrin mélòó kan tí wọ́n fi ipá mú ru ẹrù ń padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rù, èjìká wọn bó. Ìyá mi á lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, á bi í léèrè bàbá mi. Kò sẹ́ni tó rí i. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Bákan náà lọ̀rọ̀ ọkọ ṣe rí. Ẹni tó kú, a ó sin ín, a ó sunkún, a ó jẹun. Ẹni tó nù, ojú ọ̀nà la ó máa wò.

Ìyá mi kọ́kọ́ ń wo ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí i, ó jókòó kọjú sí ògiri ẹ̀yìnkùlé, kì í sì í sábà dìde níbẹ̀. Kò wẹ̀. Kò di irun. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, ó ń fún èmi àti Dùpẹ́. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yí lọ sábẹ́ àga, kò wá a. Nǹkan tó wá burú jù lọ ni ẹnu rẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí ewúrẹ́ aládùúgbò, ara rẹ̀ ló wá ń bú láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka orí ìwé. “Èéfín mi ló pè wọ́n. Apànìyàn ni mí. Oníwọra obìnrin.” Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ní orúkọ fún un, dókítà sì wà fún un. Nígbà náà, a kò ní orúkọ kankan fún un. A kàn mọ̀ pé ìyá wa wà nílé, kò sì sí nílé.

Àwọn ẹbí wá. Wọ́n ní kó ṣe ọkàn akin. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n ní kó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára, kò sì sí èyí tó wọlé. Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ bá a létí odò, ó dúró gan-an, ó ń wo omi, kò mú korobá dání. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so etí ìró mi mọ́ tirẹ̀ tí a bá fẹ́ sùn, kí n lè jí bó bá dìde. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bàbá mi ti lọ. Mo mọ̀ pé bí n kò bá ṣọ́ra, èyí tó kù náà á lọ lójú mi.

Ìyá kan wà ní Àyèká tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aládùúrà. Sùtánà funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn kì í wọ bàtà, ọmọkùnrin wọn kan sì ti bá ogun náà lọ. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n gbé agogo àdúrà wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó ti ìyá mi lórí ilẹ̀. Wọn kò gbàdúrà. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kúrò lára ògiri. Wọ́n padà wá, wọ́n tún padà wá. Ìyá mi ló kọ́kọ́ lanu. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ààwẹ̀ tó le, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa sùn sórí ilẹ̀ lásán nínú ilé àdúrà, kí òun lè san ẹ̀ṣẹ̀ òun.

Ìyá Aládùúrà wo apá rẹ̀ tó ti rù bí igi. “Kí wá lo ń ṣe láti ọjọ́ yìí, ṣé àsè ni? Ọlọ́run kò rán mi ní pàṣán sí ọ.”

Nígbà tí wọ́n tún máa wá, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti fún, ni wọ́n rù wá. Wọ́n ní kí n dáná lẹ́yìn ilé, ká fi mọ pupuru. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ebi ń pa mí, mo sì dá a. Èéfín náà gòkè. Ó fẹ́ yí ògiri ká, ó bá ìyá mi níbi tó jókòó sí.

Ó dìde. Mo ti gbàgbé bó ṣe ga tó. Ó fẹsẹ̀ tú iná náà ká, ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ pe àwọn sójà padà ni, bóyá èyí tí òun ṣe kò tíì tó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara rẹ̀ níwájú mi. Ara mi kò gbà á mọ́. Ohun tó ti ń jẹ mí nínú láti inú igbó jáde lẹ́nu mi.

“Màmá, èmi ni. Èmi ni mo ń sunkún pé mo fẹ́ jẹ pupuru. Ká ní mo ti pa ẹnu mọ́, Bàbá ì bá wà ńlé.”

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Oríyọmí, ọma mi, má tún sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ebi ló ń pa ọ́. Ìwọ kọ́ lo mú ogun wá. Kí lo fẹ́ ṣe, ebi ló ń pa ọ́.”

Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, ó ń nu ojú mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú. Ìyá Aládùúrà kò dìde níbi tí wọ́n jókòó sí.

“Adétutù, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ọmọ mi ni, Ìyá.”

“Ìwọ náà, ọmọ ẹnì kan ni ọ́. Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún un yẹn, bù nínú ẹ̀ fún ara rẹ.”

Ìyá mi ṣubú lé èjìká mi. Ẹkún tí kò sun láti inú igbó, ọjọ́ náà ló sun ún. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ìyá Aládùúrà ṣa igi iná jọ, wọ́n tún un tò, wọ́n sì ń yí pupuru.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fún ìyá mi ní iṣẹ́ ẹ̀mí. Kì í ṣe Sáàmù, kì í ṣe àbẹ́là. Wọ́n ní láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ kí ara rẹ̀. Ìyá mi rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Gbogbo nǹkan ni Yorùbá ní ìkíni fún: a ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dìde, a ń kí ẹni tí òjò pa. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ènìyàn ń kí ara rẹ̀? Ìyá Aládùúrà bi í pé, bí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kò dé bá kọjá níwájú ilé rẹ̀, ṣé apànìyàn ni yóò pè é, àbí ẹ kú ìrọ́jú? Ìyá mi ní ẹ kú ìrọ́jú ni. Wọ́n ní ó dára, pé obìnrin náà wà nínú ilé, ó ti pẹ́ tó ti ń retí ẹni tí yóò kí i.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó sétí ẹní, ó la ẹnu, kò rí i sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ kéré bí ẹni tó ń yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò: “Adétutù, kú ìrọ́jú o.” Ó dúró díẹ̀. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn: “A dúpẹ́.” Dùpẹ́ bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní ká dákẹ́ ẹnu wa, pé òun àti àlejò òun ló ń sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó wẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àwọn àárọ̀ kan wà tí kò lè kí i. Àwọn ọjọ́ kan wà tó tún kọjú sí ògiri, tí èmi yóò tún so ìró mi mọ́ tirẹ̀. Àmọ́ èébú yẹn dín kù lẹ́nu rẹ̀. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á ká ara rẹ̀ mọ́, á ní, “Ebi ló ń pa wá,” á sì mú iṣẹ́ ṣe. Ó padà sí ẹbu. Ó padà sórí pupuru, ó ń tà á ní Ìlútítun, òun ló fi tọ́ wa. Gbogbo ìgbà tó bá ti ń yí pupuru lórí pẹpẹ ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹni tí a kò rí: “A ti yí i o.” Mo dàgbà kí n tó mọ ẹni tó ń dá lóhùn.

Bàbá mi kò dé. Kò sí ibojì tí mo lè fi hàn yín. Igbà rẹ̀ ló wà lórí ògiri, ó ti gbẹ, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò já.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, ìyá mi kú lórí ibùsùn rẹ̀, lẹ́yìn tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. A sin ín, a rí òkú rẹ̀ sin, ọpẹ́ ni. Dùpẹ́ padà sílé ọkọ, àwọn ọmọ padà síbi iṣẹ́ wọn. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo dùbúlẹ̀, mo ń dúró. N kò mọ ohun tí mo ń dúró dè títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa. Ohùn ìyá mi tó ń kí ara rẹ̀ ni. Láti kékeré, òun ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ àti pé ìyá mi ṣì wà láàyè. Ilé dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú ọkàn mi pé ó yẹ kí n ti tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Òkìtìpupa, pé irú ọmọ wo ni mí, pé ojú oorun ni mo wà nígbà tó ń lọ. Mo gbọ́ ara mi. Mo mọ ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí rí.

Mo dìde jókòó. Ó nira, ojú tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kan nínú ilé.

“Oríyọmí, kú ìrọ́jú o.”

Mo dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró.

“A dúpẹ́,” mo wí, mo sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ yí pupuru.